Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀: Iná tó lọ ní Gánà ló kó ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ òkun kan yọ nínú ogun orí kọ̀ǹpútà

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á ti dá a mọ̀ kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, ẹni tí ò bá sì dá a mọ̀, ìyẹn ò ní kó má rí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kọ́. Olú ọ́físì wọn wà ní Copenhagen lórílẹ̀-èdè Denmark, iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni wọ́n ń ṣe, àwọn ọkọ̀ gbàǹgbà tó ń kó kọ̀ntéénà káàkiri ayé, wọ́n ní ọkọ̀ bíi 800, wọ́n ní tẹ́mínà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀, 76 ní oríṣiríṣi èbúté, tó fi jẹ́ pé lọ́dún 2017 tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ká pín gbogbo ẹrù tí ọkọ̀ òkun lè kó láyé sọ́nà márùn-ún, ìdá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiwọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: wọn kì í ṣe ológun, wọn ò bá ìjọba kankan ṣọ̀tá, ìjà Rọ́ṣíà àti Ukraine ò kàn wọ́n rárá. Síbẹ̀ ìjà yẹn wọlé tọ̀ wọ́n wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì da gbogbo iṣẹ́ wọn rú.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìjà náà ti ń bọ̀. Láti 2014 tí Rọ́ṣíà ti gba Crimea, agbègbè Ukraine kan, ni ogun ti wà láàárín àwọn méjèèjì, ìbọn ń dún lápá ìlà-oòrùn Ukraine, àmọ́ ogun mìíràn tún wà tí ò láriwo, èyí tí wọ́n ń jà lórí kọ̀ǹpútà. Ní December 23, 2015, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná kan ní ìwọ̀-oòrùn Ukraine jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n rí i tí àmì mouse ń rìn fúnra ẹ̀ lójú screen, ọwọ́ ẹnì kankan ò sí lórí mouse o, ó ń lọ ó ń bọ̀, ó ń pa iná àdúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń wò ó báyìí, wọn ò rí nǹkan kan ṣe sí i. Nǹkan bíi 225,000 oníbàárà ló wà nínú òkùnkùn lọ́jọ́ yẹn, nínú òtútù December. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú December náà ni, wọ́n tún pa iná apá kan Kyiv. Ìgbà méjèèjì, iná padà dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ òkèèrè gbà pé ọ̀rọ̀ Ukraine ni, káwọn ará ibẹ̀ máa bójú tó o. Lójú tèmi, èrò yẹn ló kó wọn sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ju fáìrọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ lọ.

Software kan wà ní Ukraine tó ń jẹ́ M.E.Doc. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Kyiv, Linkos Group, tó jẹ́ ti ẹbí kan, ló ṣe é. Àwọn akáńtáǹtì ló ń lò ó, òun ni wọ́n fi ń ṣe ìwé owó orí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síjọba, tó fi jẹ́ pé tó o bá ti ń ṣòwò ní Ukraine, ó ṣòro kó o má ní in lórí kọ̀ǹpútà kan lọ́fíìsì ẹ. Àwọn tó fẹ́ jagun yìí ò wá da ara wọn láàmú láti máa kan ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibi tí gbogbo wọn ti ń gba update, ìyẹn àtúnṣe tuntun fún software, ni wọ́n lọ. Wọ́n wọ inú server Linkos, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pín nǹkan fún kọ̀ǹpútà yòókù, wọ́n ki ọ̀nà ẹ̀bùrú kan bọ inú update tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ ara ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sáwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀, nígbà táwọn onímọ̀ sì tú u wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé láti April 2017 ló ti wà níbẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn máa ń ka nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tíjọba fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, á fi ránṣẹ́ sẹ́yìn fún wọn, ìyẹn ni pé wọ́n mọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n wà nínú ẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé wọ́n kàn ju òkò sọ́jà lásán. Wọ́n jókòó síbẹ̀ fún ohun tó ju oṣù méjì lọ, wọ́n ń wo ilé onílé, kò sí antivirus tó ké, nítorí update tó tọ́ ni, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tọ́.

Báwo ni ilé iṣẹ́ Copenhagen ṣe wá kó sí i? Wọ́n ní ọ́físì ní Odessa, èbúté Ukraine tó wà létí Òkun Dúdú. Ọ̀gá kan nídìí ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ ní káwọn ará IT bá òun gbé M.E.Doc sórí kọ̀ǹpútà kan. Kọ̀ǹpútà kan péré. Mi ò rí ẹni tó máa dá ọ̀gá yẹn lẹ́bi, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, owó orí sì gbọ́dọ̀ lọ síjọba lásìkò.

Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé, báwo ni kọ̀ǹpútà kan ní Odessa ṣe lè kó bá kọ̀ǹpútà tó wà ní New Jersey lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà? Nẹ́tíwọọ̀kì wọn dà bí ilé tí wọn ò fi ògiri pín yàrá, tí olè bá ti wọ pálọ̀, ó ti dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ẹ̀ka tó ń mójú tó ààbò kọ̀ǹpútà wọn sì ti ríran rí èyí tẹ́lẹ̀ o. Lọ́dún 2016 ni wọ́n ti sọ fáwọn ọ̀gá pé nǹkan ò dáa, pé àwọn server kan ṣì wà tó ń lo Windows 2000, tí Microsoft ti pa tì tipẹ́tipẹ́, pé kí wọ́n jẹ́ káwọn tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà sọ pé àwọn ọ̀gá gbọ́, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n tiẹ̀ yọ owó sílẹ̀, àmọ́ àtúnṣe yẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ àwọn ọ̀gá IT tó yẹ kó ṣe é, kò sí nínú ohun tí wọ́n fi ń fún wọn ní bónọ́ọ̀sì, bó ṣe di pé oníkálukú gbájú mọ́ èyí tó máa mówó wálé nìyẹn, iṣẹ́ ààbò wà nínú fáìlì.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ohun ìjà náà, torí ẹni tí ò bá yé kò ní rí ìdí tó fi yára tó bẹ́ẹ̀. NotPetya ni wọ́n padà sọ ọ́. Irinṣẹ́ méjì ni wọ́n so pọ̀ nínú ẹ̀. Èkíní ni EternalBlue, àjọ amí Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ NSA ló ṣe é fún ìlò ara wọn, àwọn kan tó ń pe ara wọn ní Shadow Brokers ló jí i, wọ́n gbé e síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní April 2017, gbogbo ayé sì rí i mú. Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde ní March ṣáájú, oṣù kan gbáko kó tó di pé wọ́n gbé e síta, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ti ṣe update ti bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ṣùgbọ́n ìkejì ń bẹ níbẹ̀. Mimikatz lorúkọ ẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Benjamin Delpy, ló ṣe é lọ́dún 2011 láti fi hàn pé Windows máa ń fi password àwọn èèyàn sílẹ̀ nínú memory kọ̀ǹpútà. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́: EternalBlue á wọ kọ̀ǹpútà kan tí wọn ò tíì ṣe update, Mimikatz á kó password tó bá bá nínú memory ibẹ̀, bó bá wá jẹ́ pé admin kan, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, ti fi password ẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà yẹn rí tó sì ṣì wà níbẹ̀, password yẹn ni wọ́n máa fi wọ àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe update dáadáa, bí ẹni ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, irinṣẹ́ Windows fúnra ẹ̀ náà ni wọ́n máa fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kan tí ò gba àtúnṣe ṣe ń kó bá ọgọ́rùn-ún tó gbà á. Báńkì ńlá kan ní Ukraine, ìṣẹ́jú àáyá 45 ni gbogbo nẹ́tíwọọ̀kì wọn fi dojú dé.

Ọjọ́ Tuesday, June 27, 2017 lọ̀rọ̀ dé. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni Ukraine máa ń ṣe ayẹyẹ òfin ìpìlẹ̀ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ní Copenhagen, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé laptop wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ará helpdesk ní méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta. Lójú àwọn kan, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ń tún fáìlì inú ẹ̀ tò lórí disk C, kí wọ́n má pa á o. Irọ́ gbuu. Ibi tó ti ń sọ pé òun ń tún un ṣe yẹn gan-an ló ti ń bà á jẹ́, àtẹ tí Windows fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà ló ń tì pa, ìyẹn bá parí ó di pé kọ̀ǹpútà ò mọ nǹkan kan mọ́. Lójú àwọn yòókù, lẹ́tà pupa lórí dúdú ló wà níbẹ̀, pé kí wọ́n san Bitcoin tó tó 300 dọ́là. Ẹni tó bá gbójú sókè nínú ọ́físì á rí i tí screen ń ṣú, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, láti orí tábìlì kan bọ́ sórí èkejì.

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà mi. Àwọn ará IT ń sáré láti yàrá ìpàdé kan sí òmíràn, wọ́n ń já wáyà kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ṣèpàdé lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo kí oníkálukú fa tiẹ̀ yọ. Géètì tí wọ́n ń fi káàdì ṣí ti kú, wọ́n ń fò ó. Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó rí gbogbo nẹ́tíwọọ̀kì já, kẹ́ ẹ sì wá wò ó, nǹkan tó ń lo ìṣẹ́jú àáyá láti jà, wákàtí méjì ni wọ́n fi ń lé e. Nígbà tó máa fi dìrọ̀lẹ́, tẹlifóònù orí tábìlì náà ti kú, torí orí nẹ́tíwọọ̀kì kan náà ló wà, nọ́ńbà táwọn èèyàn tọ́jú sínú fóònù wọn sì ti lọ fáwọn kan. Wọ́n ní káwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ Bitcoin yẹn, ẹ jẹ́ n tètè yọ ọ́ kúrò ńlẹ̀. Owó kọ́ ni wọ́n ń wá. Àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí wọ́n kọ̀wé sí, ilé iṣẹ́ ímeèlì tó wà ní Jámánì ti í pa lọ́jọ́ yẹn náà, nọ́ńbà tó wà lójú screen tó yẹ kí wọ́n fi mọ kọ́kọ́rọ́ tó máa ṣí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tí wọ́n kàn kọ síbẹ̀ lásán ni, kò so mọ́ kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹni tó sanwó, owó ẹ̀ gbé. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni kí wọ́n ba nǹkan jẹ́, wọ́n kàn da aṣọ gbájúẹ̀ bò ó ni.

Wàhálà gidi wà ní èbúté. Nínú tẹ́mínà 76 tí wọ́n ní, 17 ló fara gbá a. Ọkọ̀ fúnra wọn ò ní nǹkan kan, kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ lórí omi ò sí lórí nẹ́tíwọọ̀kì yẹn. Ohun tó bàjẹ́ ni ìmọ̀ nípa ohun tó wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ kan lè kó kọ̀ntéénà tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó lè fojú wò ó kó sọ pé pupa tó wà lókè ọ̀hún bàtà ló wà nínú ẹ̀, pé búlúù tó wà lábẹ́ ẹ̀ ẹja dídì ni, kọ̀ǹpútà ló mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà ti kú. Ní Elizabeth, ní New Jersey, níbi tí tírélà bíi 3,000 máa ń gbà wọlé lójúmọ́, géètì ò ṣí mọ́, tírélà tò títí dé ọ̀nà tí ojú ò lè ríbi tó pin sí, àwọn awakọ̀ jókòó sínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn. Nígbà tó yá àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n yípo kí wọ́n máa lọ. Ẹ ronú sí ẹni tó ní oúnjẹ tútù nínú kọ̀ntéénà, tó ń wá ibi tó máa kì í mọ́ná sí kó má baà jẹrà, ẹni tó ń retí ẹ̀yà ẹ̀rọ fún fáktọ́rì tó ti dúró. Kò sí èyí tó mọ nǹkan kan nípa Crimea nínú wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn gbìyànjú o, mo gbọ́dọ̀ fún wọn níyì tó tọ́ sí wọn. Wọ́n fi Gmail ara wọn gba ọ́dà, wọ́n fi WhatsApp gba ọ́dà, wọ́n lẹ bébà mọ́ kọ̀ntéénà lára, wọ́n ń kọ nǹkan sínú Excel bí wọ́n ṣe ń rí i. Alága ilé iṣẹ́ náà sọ ọ́ níbi ìpàdé ọrọ̀ ajé àgbáyé ní Davos ní January 2018 pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún péré dín kù lásìkò yẹn, pé ìdá 80 yòókù, ọwọ́ lásán làwọn òṣìṣẹ́ fi ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀kan lára ọkọ̀ wọn ń wọ èbúté kan láyé. Kì í ṣe ìwé ètò pàjáwìrì kankan ló kọ́ wọn nìyẹn. Àwọn tó ti mọ iṣẹ́ náà kí kọ̀ǹpútà tó gbà á lọ́wọ́ wọn ni.

Wọ́n kó àwọn ẹnjiníà jọ sí Maidenhead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ẹ̀ka IT wọn wà, wọ́n pe Deloitte, ilé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn, wá, wọ́n kó gbogbo laptop tuntun tí wọ́n rí rà lọ́jà, hòtẹ́ẹ̀lì agbègbè yẹn kún. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ìròyìn ayọ̀ kọ́kọ́ jáde: backup, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n tọ́jú pamọ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo server wọn wà, ti bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje ṣáájú ìkọlù náà. Ọkàn wọn balẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti wá bèèrè pé domain controller ńkọ́?

Fún àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, domain controller ni server tó mọ gbogbo èèyàn. Òun ló mọ̀ pé ẹni báyìí jẹ́ òṣìṣẹ́ wa, password ẹ̀ nìyí, ó lè wọ ibí, kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀hún. Bí kò bá sí, gbogbo backup tó kù wà níbẹ̀ lásán ni, kò sẹ́ni tí ètò náà máa dá mọ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ilé iṣẹ́ yìí ní domain controller bíi 150 kárí ayé, wọ́n sì ti tò ó kí gbogbo wọn máa kọ ohun kan náà sára wọn, tí ọ̀kan bá yí, gbogbo wọn yí. Ohun tí wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀kan lè bàjẹ́, méjì lè bàjẹ́, àwọn tó kù á gbé e dìde. Kò sẹ́ni tó rò ó pé gbogbo 150 lè kú lọ́jọ́ kan. Torí ẹ̀ ni wọn ò ṣe tọ́jú backup ti domain controller síbì kankan. Àfi bíi pé ilẹ̀ là mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nínú yàrá yẹn, nítorí àìsí ẹ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n máa fọwọ́ tún orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ilé iṣẹ́ tó ní nǹkan bí 80,000 òṣìṣẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ará IT ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ní server sí. Ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ti kú, ó ti kú. Títí wọ́n fi pe Gánà.

Ní Gánà, wọ́n ti mú iná lọ kí NotPetya tó jà dé ibẹ̀. Dumsor, báwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é. Domain controller tó wà lọ́fíìsì yẹn bọ́ sílẹ̀ lórí nẹ́tíwọọ̀kì pẹ̀lú iná, ìgbà tó wà ní pípa yẹn ni fáìrọ́ọ̀sì kọjá, nígbà tí wọ́n sì máa dé ìdí ẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ pé. Òun nìkan ló kù láyè nínú gbogbo wọn. Ariwo ayọ̀ sọ ní Maidenhead, àmọ́ ìṣòro mìíràn dúró dè wọ́n, íntánẹ́ẹ̀tì ọ́físì Gánà ò lágbára, ohun tó wà nínú server náà sì tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún gigabyte, tí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni. Wọ́n ní ó dáa, kí ọ̀kan nínú òṣìṣẹ́ Gánà gbé hard disk wọ bàálù wá sí London. Kò sí èyí tó ní físà ìlú Ọba nínú wọn. Bí òṣìṣẹ́ Gánà kan ṣe gbé hard disk wọ bàálù wá sí Nàìjíríà nìyẹn, òṣìṣẹ́ mìíràn pàdé ẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú, ó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì gbé e lọ sí Heathrow, ìrìn àjò wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń kó ìdá kan nínú márùn-ún ẹrù orí òkun ayé, hard disk tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú bàálù ni gbogbo nǹkan wọn wà lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó dé, iṣẹ́ wá ní ìpìlẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí alága wọn ṣe sọ, wọ́n tún server 4,000, kọ̀ǹpútà 45,000 àti software 2,500 gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó tó bá a lọ tó 250 sí 300 mílíọ̀nù dọ́là nínú ìṣirò tiwọn. Àwọn nìkan kọ́ o: Merck tó ń ṣe oògùn pàdánù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti yá abẹ́rẹ́ àjẹsára Gardasil nínú èyí tíjọba Amẹ́ríkà tọ́jú pamọ́, TNT tó ń gbé ẹrù tó jẹ́ ti FedEx, Saint-Gobain, Mondelez, gbogbo wọn fara káásá. Ní Ukraine, báńkì dúró, ATM ò tu owó, wọ́n padà sí fífọwọ́ wọn ìtànṣán ní Chernobyl, níbi tí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ti bú gbàmù nígbà kan, ilé ìwòsàn kọ̀wé sórí bébà. Rosneft, ilé iṣẹ́ epo Rọ́ṣíà fúnra ẹ̀, náà kígbe síta. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó lé ní 10 bílíọ̀nù dọ́là. Ní February 2018, ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà tọ́ka sí àwọn ológun Rọ́ṣíà, ní October 2020 sì ni ẹ̀ka ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà kéde ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òṣìṣẹ́ ológun mẹ́fà nínú ẹ̀ka 74455 ti GRU, àjọ amí ológun wọn. Rọ́ṣíà lóun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ backup, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mú un ní pàtàkì. Ẹ̀dà tó ń kọ nǹkan sára òmíràn láìdánudúró kì í ṣe backup. Bí nǹkan dáadáa ṣe ń lọ sára ẹ̀ ni ìbàjẹ́ náà ń lọ. Mo ti bá àwọn admin sọ̀rọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn tó máa ń sọ fún mi pé àwọn ní méjì, àwọn ní mẹ́ta, gbogbo wọn sì wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì kan, password admin kan ló ń ṣí gbogbo wọn. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ ní yẹn. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ kọ domain controller sórí disk, ẹ yọ ọ́, ẹ tì í mọ́ ibi tí wáyà kankan ò dé. Lẹ́yìn náà, èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé, ẹ mú kọ̀ǹpútà òfìfo kan, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti fi disk yẹn nìkan gbé gbogbo ètò dìde láìfi ọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ wo ibi tó ti máa há. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa gbé disk náà rìn tó bá pọn dandan sínú ètò yín, kẹ́ ẹ rí i pé páàsípọ́ọ̀tù àti físà ẹ̀ ò tíì kú.

Ìkejì ni software tí ìjọba tàbí báńkì bá fi dandan mú yín lò. Ẹ ò lè kọ̀ ọ́, mo mọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ gbé e sórí nẹ́tíwọọ̀kì kan náà tí server yín wà. Kọ̀ǹpútà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí admin má fi password ńlá ẹ̀ wọ orí ẹ̀ láéláé. Ká ní kọ̀ǹpútà Odessa yẹn dá wà ni, owó orí ibẹ̀ ni ì bá bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́.

Update, ẹ máa ṣe é lásìkò, àmọ́ ẹ má fọkàn tán an nìkan, ẹ ti rí ohun tí Mimikatz ṣe. Password admin kan tó wà káàkiri ló pa àwọn tó ṣe update. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ sì ń fọwọ́ sí owó, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí iṣẹ́ ààbò, ẹ fi orúkọ ẹnì kan àti ọjọ́ kan sí i, kẹ́ ẹ fi sí ohun tẹ́ ẹ máa wò kẹ́ ẹ tó fún ẹni náà ní bónọ́ọ̀sì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì. Merck ti sanwó fún ìnṣọ́ránsì dáadáa, wọ́n béèrè fún 1.4 bílíọ̀nù dọ́là, àwọn oníìnṣọ́ránsì sì ní ogun ni, pé ìwé àdéhùn ò gba ogun. Ilé ẹjọ́ ní New Jersey dá Merck láre, ó ní ogun tí ìwé yẹn ń sọ ni ti ìbọn àti ológun, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní May 2023, wọ́n sì wá yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn ní January 2024, ọdún mẹ́fà àtààbọ̀ lẹ́yìn ìkọlù. Láti igbà yẹn àwọn oníìnṣọ́ránsì ti tún ìwé wọn kọ. Láti March 31, 2023, Lloyd's ti London, ọjà ìnṣọ́ránsì ńlá kan, ti pàṣẹ kí ìwé ìnṣọ́ránsì kọ̀ǹpútà tó bá jáde lọ́dọ̀ wọn ní gbólóhùn kan tó yọ ìkọlù tí ìjọba orílẹ̀-èdè kan wà lẹ́yìn ẹ̀, tó sì dí iṣẹ́ tàbí ààbò orílẹ̀-èdè kan lọ́wọ́ gan-an, kúrò. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó tún tiyín san, ẹ wá gbólóhùn yẹn nínú ìwé náà, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí bróókà yín pé ta ló máa pinnu pé ìjọba kan ló wà nídìí ìkọlù, ẹ̀rí wo ni wọ́n máa fi pinnu ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé bébà ni wọ́n fi dá yín lóhùn.